Àìsọ Arábìnrin Delphia

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìtìjú ṣe ń fi àgbàlagbà ṣẹ̀sín, ẹ wá jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tó wà lẹ́nu àfonífojì Turkeypen, ní apá òkè Kentucky ní Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ Ìsinmi. Kí ìwàásù tó bẹ̀rẹ̀, Arákùnrin Hobart tó ń darí ìjọ á béèrè pé, "Ta ló ní ẹ̀bẹ̀ àdúrà?" Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà lẹ́wọ̀n á dìde, á sọ ọ́. Ẹni tí èédú ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ á wúkọ́, á sì sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí tirẹ̀ bá kọjá ohun tí ẹnu ń gbé ní gbangba, ọwọ́ lásán ni yóò nà sókè, á ní, "Àìsọ." Ó parí. Wọ́n á gbàdúrà sí i, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bi í pé kí ni. Ìyẹn lójú rẹ̀ o. Tó bá ti kẹ̀yìn, ẹnu ò ní sinmi.

Delphia Sizemore ti ń na ọwọ́ yẹn sókè láti ìgbà tí ewé ti ń pọ́n lórí òkè títí yìnyín fi bo ilẹ̀. "Àìsọ," lọ́sẹ̀ yìí. "Àìsọ," lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Kí ni àìsọ ọ̀hún gan-an? Ìgbẹ́ ni! Obìnrin náà ò rí ìgbẹ́ yà. Ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín, kó rọra rẹ́rìn-ín, inú tirẹ̀ ò tíì dì ni.

Kì í ṣe pé ojo ni o. Delphia ló se oúnjẹ fún gbogbo ọmọ ilé-ìwé àfonífojì náà títí tó fi fẹ̀yìn tì, kò sì sí ọkùnrin tó ń fi irùngbọ̀n yangàn níbẹ̀ lónìí tí kò tíì fi ṣíbí onígi gbá lọ́wọ́ rí. Ó ti bá ọ̀gá ilé-ìwé fa wàhálà lórí ẹran tó ń rùn, ọ̀gá ló sì sá. Ṣùgbọ́n ìyá tó bí i kọ́ ọ pé ohun tó bá ń ti ìsàlẹ̀ ara jáde, ẹnu kì í pè é. Nínú ilé wọn, bí ẹni tó ń lọ tọ́lẹ́ẹ̀tì bá máa dágbére, á ní, "Mò ń lọ fọwọ́." Bí Delphia ṣe dàgbà nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe tọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀.

Ìgbà òtútù tó kọjá ló yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé tí omi dídì bò, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ sì fọ́. Wọ́n fi irin dè é. Irin náà di eegun mú, kò di ìrora mú. Mọfíìnì ni dókítà wá fún un, hóró kan láàárọ̀, hóró kan nírọ̀lẹ́. Ká má purọ́, oògùn náà ṣe bẹbẹ. Òun ló gbé e kúrò lórí ibùsùn tó ti dojú kọ ògiri. Ó lè dìde se ẹ̀wà, ó lè yan búrẹ́dì àgbàdo, ó lè jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì láti orin àkọ́kọ́ títí dé oore-ọ̀fẹ́. Àmọ́ ohun tó tú lẹ́yìn rẹ̀, inú ló lọ dì í sí.

Kí ni kò tíì lò? Ó mu omi èso tí wọ́n ní kì í tàsé. Ó mu tíì ewé kíkorò. Ó mu epo lárà, ó bì í padà. Aládùúgbò rẹ̀ Ardith, tó gbà pé ìgbàgbọ́ àti èèrí ọkà ló ń wo gbogbo àrùn sàn, fún un ní ìyẹ̀fun kan pé kó máa pò ó mọ́ omi. Háà! Ìyẹ̀fun náà wọlé, ó wú, ó sì jókòó síbẹ̀. Ikùn Delphia le gbagidi. Oúnjẹ ò wù ú mọ́, bí ó bá tẹ̀ síwájú ó ń dùn ún, bí ó bá dùbúlẹ̀ ó ń dùn ún.

Ní ilé ìwòsàn tó wà nílùú, lẹ́yìn ilẹ̀kùn títì, ó rọra sọ ọ́ sétí Nọ́ọ̀sì Kesia. Ìyẹn ò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ ikùn rẹ̀, ó ní kí wọ́n ya àwòrán inú rẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé nǹkan ò dí ìfun, nígbà tí wọ́n sì rí i pé kò sóhun tó dí i, ó jókòó tì í.

"Màmá Delphia, oògùn ìrora yín ló fà á. Bó ṣe ń mú kí ọpọlọ má gbọ́ ìrora mọ́, bẹ́ẹ̀ náà ló ń mú kí ìfun sùn. Ìyẹ̀fun Ardith ò lè jí i. Àmọ́ hóró kan wà tó jẹ́ pé inú ìfun nìkan ló ti ń lé mọfíìnì kúrò. Kò ní dé ọpọlọ. Ẹ̀yìn yín á máa gbádùn lọ, inú yín á sì tú."

"Ṣé irú ẹ̀ wà láyé?" Delphia fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kò ó lẹ́nu.

Ó kù kí ilé-iṣẹ́ adójútòfò gbà láti san án, torí hóró náà wọ́n bí ojú. Nọ́ọ̀sì kọ tirẹ̀ ránṣẹ́. Àwọn yẹn ní àwọn fẹ́ gbọ́ látẹnu aláìsàn fúnra rẹ̀. Wọ́n pè é lórí fóònù nílé, ọmọkùnrin kan báyìí.

"Mà, kí ló ń ṣe yín gan-an?"

Delphia wo ọ̀tún, ó wo òsì, nínú ilé tó jẹ́ pé òun nìkan ló wà níbẹ̀. "Inú... inú ló ń dà mí láàmú."

"Inú rírun?"

"Ẹ kúkú lè pè é bẹ́ẹ̀."

Wọ́n kúkú pè é bẹ́ẹ̀! Nígbà tí èsì máa dé, wọ́n ní nọ́ọ̀sì sọ bákan, ẹni tó ni inú sọ bákan, àti pé ẹni tí inú ń run kò nílò hóró ọlọ́wọ̀n, kó lọ sí kẹ́míìsì, kó ra hóró inú rírun tó dà bí ẹfun, tí wọ́n ń rún lẹ́nu. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Kí ló wá ń ṣe? Ó ń fo lílo oògùn ìrora. Bó bá fo ti ìrọ̀lẹ́, ìfun á mira díẹ̀, àmọ́ ẹ̀yìn á fi í gbá bọ́ọ̀lù títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ojú rẹ̀ jìn. Ó ń gbọ̀n. Ó ń lọ sí kẹ́míìsì ní gbogbo ìgbà láti wá ohun tí inú máa gbọ́.

Àwọn ará Turkeypen sì ní ojú. Àfonífojì tí oògùn ìrora ti kó ọmọ ènìyàn lọ bí ẹ̀kún omi ni. Oníhóró ni wọ́n ń pe ẹni tó bá ti di ẹrú rẹ̀, ilé tí kò ní oníhóró níbẹ̀, ilé tí ènìyàn ò gbé ni. Delphia pàápàá bí ọ̀kan. Dwight, àkọ́bí rẹ̀, òkúta já lé e léjìká nínú ihò èédú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn, oògùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, títí tó fi pa á. Nítorí náà, tí ìyá Dwight bá ń gbọ̀n, tójú rẹ̀ jìn, tó ń gun kẹ́míìsì lójoojúmọ́, tó sì ń na ọwọ́ "àìsọ" sókè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí lẹ rò pé wọ́n máa rò?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Arákùnrin Hobart wá kan ilẹ̀kùn, pẹ̀lú Renita, ọmọbìnrin Delphia tó kù, tó ń gbé ní òdìkejì odò. Ojú Renita pọ́n. Hobart jókòó sétí àga, ó gbé fìlà lé orúnkún.

"Arábìnrin Delphia, a ti ń rí ọwọ́ yín. A mọ ohun tí àìsọ yín jẹ́."

Ìtìjú mú ojú Delphia pọ́n. "Ta ló sọ fún yín?"

"Gbogbo ìjọ ló mọ̀."

"Gbogbo ìjọ! Jésù!"

"Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ó ń ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ó ṣe àbúrò mi tó gbẹ̀yìn náà rí. Wọ́n mú un lọ sí ibì kan ní Lexington, wọ́n tì í mọ́lé fún oṣù mẹ́ta gbáko, ó sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

"Wọ́n ti ènìyàn mọ́lé oṣù mẹ́ta nítorí ìyẹn?" Delphia wo ikùn rẹ̀ tìyanu-tìyanu. "Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn tí wọ́n lè gbà tú u ni?"

"Òun nìkan ló ń tú ènìyàn sílẹ̀, arábìnrin mi. Hóró yẹn, ẹ̀wọ̀n ni."

Ìgbà náà ló yé e. Hóró. Wọ́n rò pé òun ti di oníhóró! Inú bí i débi pé eyín rẹ̀ ń pa ara wọn. Ó yẹ kó là á mọ́ Hobart lójú níbẹ̀ yẹn pé ìgbẹ́ ni, ìgbẹ́ lásán! Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀fun. Ó wo Hobart pẹ̀lú táì rẹ̀ àti Bíbélì rẹ̀, ó rí ojú ìyá rẹ̀ tó ti kú, ọ̀rọ̀ náà sì padà sísàlẹ̀. Ohun tó sọ ò ju, "Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀," bí gbogbo oníhóró ṣe máa ń sọ.

Renita ti wọ yàrá. Ó jáde pẹ̀lú ìgò mọfíìnì, ó ń sọ ọ́ sínú báàgì.

"Renita! Oògùn mi nìyẹn!"

"Láti òní lọ, ọwọ́ mi ló máa wà. Màá máa fún yín ní ti àárọ̀ nìkan. Lọ́jọ́ Ajé, a ó lọ sí Lexington."

"Ọmọ tí mo bí ni màá máa na ọwọ́ gba oògùn lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Mọ́mì, ẹ bínú sí mi, ẹ má kú." Ohùn Renita já. "Mo ti sin ẹyọ kan. Mi ò lè sin méjì. Mi ò lè ṣe é, Mọ́mì!"

Wọ́n lọ. Ìrọ̀lẹ́ dé láìsí oògùn, Delphia sì di bẹ́ẹ̀dì mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Tí wọ́n bá mú un lọ sí Lexington, wọ́n á gba oògùn náà pátápátá, á sì padà sí orí bẹ́ẹ̀dì, á dojú kọ ògiri, ibẹ̀ ni wọ́n á ti wá gbé e lọ́jọ́ ikú. Kí ló sì fà á? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kò lè pè. Nígbà tó rò ó débẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bú ara rẹ̀. "Delphia, òmùgọ̀ ni ọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. O ti dákẹ́, tara rẹ náà ti dákẹ́, wọ́n wá fẹ́ gbé ìwọ àti ìdákẹ́jẹ́ rẹ lọ sí Lexington!"

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó jókòó sí ààyè rẹ̀, Renita lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Hobart béèrè, "Ta ló ní ẹ̀bẹ̀ àdúrà?" Burl Cornett, awakùsà àtijọ́ tí ìbàdí rẹ̀ jẹ́ irin, na ọwọ́ láti ìjókòó ẹ̀yìn: "Àìsọ." Curtis, ọkọ Ardith, na tirẹ̀: "Àìsọ." Gbogbo ojú wá yí sọ́dọ̀ Delphia.

Delphia ò na ọwọ́. Ó di ìjókòó iwájú mú, ó fi ìrora gbé ara rẹ̀ dìde.

"Mo ní ẹ̀bẹ̀," ó ní, "mo sì máa sọ ọ́. Ìgbẹ́ ni."

Ìwé orin bọ́ lọ́wọ́ Ardith, ó ró gbà!

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Mi ò rí ìgbẹ́ yà. Ó ti pẹ́ tí mo ti yà á bí ènìyàn gbẹ̀yìn, ikùn mi ti le bí pákó tí ẹ jókòó lé yìí."

"Arábìnrin Delphia," Hobart bẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n bí ata, "bóyá ká—"

"Jókòó, Hobart! Èmi ni mo ń bọ́ ẹ nígbà tí ikun ń dà nímú rẹ." Hobart jókòó. "Oògùn tí dókítà fún mi, bó ṣe ní kí n lò ó ni mò ń lò ó. Òun ló jẹ́ kí n lè dúró níwájú yín. Ó tọ́jú ẹ̀yìn mi, ó di inú mi. Hóró kan wà tó máa tú u, adójútòfò ò fún mi, torí wọ́n bi mí pé kí ló ń ṣe mí, èmi àgbàlagbà ń sọ pé inú ń run mí! Ẹ̀yin náà wá rí ọwọ́ mi, ẹ ní mo ti di oníhóró. Ẹ gbọ́, ọmọ mi ni oníhóró. Dwight ni. Ẹ bá mi sin ín. Mo sunkún rẹ̀ lójú gbogbo yín, mi ò tijú rẹ̀ rí, mi ò sì ní tijú rẹ̀ láé. Ìgbẹ́ ni mo wá ń tijú? Ta ni kì í yà á níbí? Kó dìde, ká rí i!"

Kò sẹ́ni tó dìde. Renita ti fi ọwọ́ bo ojú. Delphia mọ̀ pé tí òun bá jókòó báyìí, òun ò ní lè dìde mọ́, torí náà ó dúró.

Nígbà náà ni Burl Cornett gbin láti ẹ̀yìn. "Tèmi náà nìyẹn."

"Kí ni?" Hobart béèrè.

"Ìgbẹ́, bàbá! Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe ìbàdí mi. Ẹ ti ń gbàdúrà sí i láti ìgbà ìkórè, kò tíì mira."

Curtis rọra gbé ìka kan sókè. Ardith yí padà sí i bí ìjì.

"Ìwọ Curtis! Ṣebí o ní ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni! Mo ti ń gbààwẹ̀ fún ọ!"

"Ó dé inú ẹ̀mí náà, Ardith," Curtis dáhùn. "Ó ti dé ibi gbogbo."

Ẹ̀rín bú. Kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀sín. Àwọn awakùsà tí eegun wọn ti rún, tí kò sí èyí tí kò ní ìgò oògùn nílé, ń rẹ́rìn-ín títí omi ń bọ́ lójú wọn. Hobart dìde, ó nu iwájú orí. Kò mọ irú àdúrà tí yóò gbà. Nígbà tó máa lanu, ó ní, "Olúwa, ìwọ tó la Òkun Pupa níyà..." Burl ní, "Àmín!" kó tó sọ èyí tó kù.

Nínú ọkọ̀, nígbà tí wọ́n kọjá afárá, Renita yíjú sí ìyá rẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi, Mọ́mì?"

"Báwo ni màá ṣe sọ ọ́? Èmi ni mo kọ́ ẹ pé a kì í sọ ọ́."

Lọ́jọ́ Ajé, wọn ò lọ sí Lexington. Ṣùgbọ́n ìgò náà ṣì wà nínú báàgì Renita. Ó fẹ́ gbàgbọ́, àyà ń já a. Dwight náà mọ ọ̀rọ̀ í sọ dáadáa. Delphia ò bá a jiyàn. Ó pe adójútòfò, ó gbé ohùn fóònù sókè kí ọmọ rẹ̀ lè máa gbọ́.

"Ọmọ mi, mo pè nítorí ìgbẹ́."

"Ẹ̀n... Mà, ṣé kí n kọ ọ́ pé inú kò balẹ̀?"

"O ò gbọdọ̀! Inú mi balẹ̀ dáadáa, ìgbẹ́ ni kò jáde. Kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Oògùn ìrora ló dì í, mo ti mu èso, mo ti mu ewé, mo ti mu epo lárà, nọ́ọ̀sì mi sì ti sọ ohun tó lè tú u. Ìwọ, ṣé o yà á láàárọ̀ yìí?"

"Mà?"

"Mo ní ṣé o yà á?"

"Mo yà á, Mà."

"Ṣé o rí i bó ṣe dùn tó? Gbé mi fún ọ̀gá rẹ."

Ó gbé e fún ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá gbé e fún dókítà wọn, Delphia sì sọ ọ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bó ṣe rí, lórúkọ rẹ̀ gan-an, láìfi bò. Ó ní tí wọn ò bá dá òun lóhùn, Burl Cornett ló máa pè tẹ̀lé òun, Burl ò sì mọ ọ̀rọ̀ í gé kúrú. Dókítà náà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tí nọ́ọ̀sì sọ ti bá tẹnu aláìsàn mu wàyí, kí wọ́n lọ gba hóró náà ní kẹ́míìsì.

Ó lò ó láàárọ̀ ọjọ́ kejì kó tó fẹnu kan oúnjẹ, bí Nọ́ọ̀sì Kesia ṣe wí. Renita wà níbẹ̀. Ó ti gbé hóró mọfíìnì ti àárọ̀ kalẹ̀ fún un, ó sì ti dá ìyókù padà sínú báàgì. Oòrùn ti ga díẹ̀ nígbà tí inú Delphia kígbe bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Ó dìde, ó di ògiri mú, ó wọ tọ́lẹ́ẹ̀tì, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Inú yí i lọ́pọ̀. Ó lagun. Ó gbin bí aboyún tó ń rọbí.

"Mọ́mì?" Renita ti dé ẹnu ilẹ̀kùn. "Mọ́mì, kí ló ń ṣẹlẹ̀?"

Delphia ò lè dáhùn, eyín rẹ̀ pa pọ̀.

"Mọ́mì! Ẹ dá mi lóhùn!" Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì lu ilẹ̀kùn. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́!"

Ohùn yẹn ni Delphia mọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló tíì gbọ́ ọ rí, níwájú ilẹ̀kùn yìí kan náà, lọ́jọ́ tí Renita ń pe Dwight tí Dwight ò dáhùn, tó fi èjìká já a wọlé, tó sì bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílẹ̀. Ìyá náà gbá gbogbo èémí tó kù nínú rẹ̀ jọ, ó sì ké e síta kí gbogbo àfonífojì gbọ́.

"Mo wà láàyè! Mò ń ṣu! Renita, mò ń ṣu o!"

Lílù náà dúró. Lẹ́yìn náà ni nǹkan fara ti ilẹ̀kùn, tó rọra ń yọ̀ lọ sílẹ̀, ẹkún àti ẹ̀rín Renita sì jọ bú jáde papọ̀.

"Ẹ máa ṣu lọ, Mọ́mì. Ẹ fara balẹ̀. Ẹ ṣu gbogbo rẹ̀."

Nígbà tí Delphia jáde, ara rẹ̀ fúyẹ́. Renita ṣì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, báàgì lórí ẹsẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó yọ ìgò mọfíìnì, ó sì fi lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ láì ka iye hóró tó wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá ọ̀rọ̀ Lexington sílẹ̀ mọ́.

Nírọ̀lẹ́, nígbà tí àkókò tó, Delphia ṣí ìgò náà fúnra rẹ̀, ó mú hóró kan, ó sì dé ìgò. Renita gbé omi fún un. Láti ìgbà tí Dwight ti kú, bí ẹnikẹ́ni bá máa gbé hóró mì lójú rẹ̀, ṣe ni Renita máa ń kúrò níbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ó dúró, ó ń wo ìyá rẹ̀ títí ó fi gbé e mì.